Kápẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta Lórí Omi Kan

Aránṣọ ò tíì gbé omi tíì kaná ní àárọ̀ Sátidé yẹn tó fi gbọ́ tí nǹkan ń ha ògiri lójú àtẹ̀gùn. Ó yọjú. Ọkọ rẹ̀ ni. Ó gbé nǹkan róbótó gígùn kan lé èjìká, ó fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá wọn tó wà lábẹ́ ilé, àmọ́ nǹkan náà gùn ju àtẹ̀gùn mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ ti kan ògiri nísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣì wà lójú títì, ọkùnrin náà wá há sáàárín bí eegun ẹja tó há ènìyàn lọ́fun.

"Kí lẹ rù wálé yẹn?"

Ọkùnrin náà gbọ́ "ẹ" tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. "O" ni ìyàwó rẹ̀ máa ń lò fún un bó bá ku àwọn méjèèjì. Bí inú bá ń bí i nìkan ló máa ń sọ ọ́ di àgbàlagbà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tó ti di àgbàlagbà.

"Kápẹ́ẹ̀tì ni," ló wí, ó ń mí hẹlẹ. "Tuntun ni o. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi rìn lórí ẹ̀."

Atúpàtẹ làwọn ènìyàn ń pè é, torí iṣẹ́ tó ń ṣe. Gbọ̀ngàn ńlá kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti máa ń pàtẹ ọjà wọn fún aráyé wò. Bí wọ́n bá ti pàtẹ tán, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tú pátákó, tí wọ́n ń ká wáyà, tí wọ́n ń kó pàǹtírí jáde. Inú pàǹtírí yẹn ló ti yọ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run yìí, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó máa gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í kúrò nídìí máṣíìnì: ó ń gé ṣòkòtò tó gùn jù, ó ń pààrọ̀ síìpù, ó ń tú ẹ̀wù tó ti fún ẹni tó ni ín. Yàrá kan àti ibi ìdáná kékeré ni gbogbo ilé wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún méje, tí wọn ò yéé pè ní Jòjòló láti ìgbà tó ti wà lọ́wọ́.

Jòjòló ò sí nílé. Ikọ́ fée ló gbé e dé ọsìbítù. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ tán, dókítà bi wọ́n léèrè ohun tó wà nílẹ̀ níbi tí ọmọ ń sùn. Wọ́n ní kápẹ́ẹ̀tì ni. Ó ní ṣé ó máa ń tutù? Wọ́n wo ara wọn. Dókítà gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gbé e kúrò kí ẹ tó gbé ọmọ padà síbẹ̀," ló wí. Ìyá Aránṣọ, tó dúró tì wọ́n, ò dá sí i. Ó kàn di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó mú un lọ sílé ara rẹ̀. Ó ní tó bá di Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun ń bọ̀ wá fojú ara òun wò ó. Bí òun bá ṣì gbọ́ òórùn ebu tó wà nínú yàrá náà, ọ̀dọ̀ òun lọmọ á máa gbé, kí àwọn òbí rẹ̀ máa wá kí i. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ìbá sàn.

"Níbo lẹ fẹ́ tẹ́ ẹ sí?" ni Aránṣọ bi ọkọ rẹ̀.

"Orí eléyìí náà ni. A ó kàn tẹ́ ẹ lé e, wàá rí i, gbogbo yàrá á dán gbinrin. Kí Màmá tó dé, a ó ti fín nǹkan olóòórùn dídùn sí i."

"Orí eléyìí."

"Ìyá Jòjòló, ìwọ náà gbọ́ ohun tí lánlọ́ọ̀dù wí. Ẹni tó bá tú kápẹ́ẹ̀tì òun ló máa san án. Kí la fẹ́ fi san án?"

"Ẹ fẹ́ da aṣọ tuntun bo egbò kí ìyá mi má baà rí i. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín ńkọ́, ṣé òun náà ò ní rí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún ọkùnrin náà. Ó sọ ẹrù èjìká rẹ̀ sílẹ̀, gbì. "Ṣé èmi ni mo kọ́lé ni? Ṣé èmi ni mo pe omi wọlé?"

"Ta ló ní ká gba ibí torí pé kò jìnnà síbi iṣẹ́?"

"Ta ló ní ká gbà á torí pé kò wọ́n?"

Ohùn wọn ti gòkè débi tí fèrèsé tó wà lókè orí wọn fi ṣí gbàgà. Awakọ̀ ni, bàbá arúgbó tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀bá fèrèsé yẹn ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, kò sì sí ohun tó ń lọ ládùúgbò tí kì í kọ́kọ́ gba iwájú rẹ̀ kọjá.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí," ló wí, "akátá ṣì wà nínú ọgbà, ẹ ti ń bá adìẹ wí. Ẹ kọ́kọ́ lé akátá lọ ná!"

Ojú ti àwọn méjèèjì. Aránṣọ pa ọ̀rọ̀ tíì tì. Ó ní àlùmọ́gàjí kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà, débi tí wọn ó fi gé okùn. Òun gan-an ló lọ mú. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ rí i lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àríyànjiyàn. Ó bá a ti ibùsùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin náà kúnlẹ̀ ní igun yàrá lábẹ́ fèrèsé, ó ki ẹnu àlùmọ́gàjí bọ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n bá nínú ilé, ó gé e fàà.

Òórùn tó jáde lé àwọn méjèèjì sẹ́yìn. Ọkùnrin náà fi ẹ̀wù bo imú, ó fà á. Etí rẹ̀ ń já kúrò lára igi tẹ́ẹ́rẹ́ oníìṣó tí wọ́n fi dì í mọ́lẹ̀, ó ń dún ràì ràì. Abẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i, ebu ló ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé ilẹ̀ làwọn máa rí. Kápẹ́ẹ̀tì mìíràn ni wọ́n rí, aláwọ̀ ewé.

"Há!" ni Atúpàtẹ wí.

Wọ́n fa ìyẹn náà. Òun wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí omi ti kún inú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ: ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ àwọ̀ tí ìyẹn ní nígbà tó wà ní tuntun. Ó ti rà bí ewé abẹ́ igi, ẹyọ ẹyọ ló ń já sí wọn lọ́wọ́. Igun kan ni Aránṣọ ti ká a dé ibi tí nǹkan kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yọ ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ni. Kò gùn ju ìka àárín rẹ̀ lọ.

Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ọmọ ta ni, tàbí pé ṣé ọmọ náà wúkọ́ tàbí kò wúkọ́. Aránṣọ gbé e sórí máṣíìnì rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó padà sídìí iṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ wá hàn, kọnkéré lásán ni, dúdú, ó ń dán fún omi. Omi náà ò sì tàn káàkiri. Ó nà tọọrọ láti ẹsẹ̀ ògiri abẹ́ fèrèsé bọ̀ láàárín yàrá, bí ọ̀nà tí èèrà ń tọ̀. Atúpàtẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú ojú, ó gun àtẹ̀gùn jáde lọ sẹ́yìn ògiri náà. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó dúró bí ère. Páìpù tó ń gbé omi òjò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé ti ṣẹ́ ní ìgbọ̀nwọ́, níbi tó yẹ kó ti yí sí kòtò ojú títì. Gbogbo omi tó bá ti orí òrùlé ilé alájà mẹ́ta wá, ẹsẹ̀ ògiri wọn ló ń dà sí.

"Ṣé ẹ ẹ̀ mọ̀ ni?" ni Awakọ̀ ké sí i láti òkè. "Mo rò pé ẹ mọ̀. Mo sọ fún tọkọtaya tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Mo sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ ṣáájú wọn."

Atúpàtẹ yíjú padà. Ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páìpù níkòríta. Nígbà tó máa fi dé, ìgbọ̀nwọ́ páìpù kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Èló ni wọ́n tà á?" ni Aránṣọ bi í.

"Iye búrẹ́dì kan."

Obìnrin náà wo kápẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ti ká jọ. Ó tún wo ohun tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní òórùn yẹn ló ń ta òun lójú.

Wọ́n ń kó ẹrù rírà náà jáde sí etí títì nígbà tí éjẹ́ǹtì lánlọ́ọ̀dù dé. Ọmọbìnrin kan ni, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń fi kọ́ ìbàdí ló jẹ́ kí gbogbo ilé máa pè é ní Ọmọ Kọ́kọ́rọ́. Ẹnì kan ti ta á lólobó.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ta ló fún yín láṣẹ láti tú kápẹ́ẹ̀tì lánlọ́ọ̀dù?"

Aránṣọ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè ríran. "Mélòó lo rí níbẹ̀ yẹn?"

Ọmọbìnrin náà kà á. "Mẹ́ta."

"Èwo nínú ẹ̀ la bà jẹ́?"

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wá ojú ewé tí kò fẹ́ rí. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ilẹ̀ yàrá wà ní pípé nígbà tí ẹ wọlé. Lánlọ́ọ̀dù ní àwọn ayálégbé ló máa ń da omi sílẹ̀."

"Ọmọ Kọ́kọ́rọ́," ni ohùn kan wí láti òkè, "ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo sọ ọ̀rọ̀ páìpù yẹn fún ọ?"

Ọmọbìnrin náà ò gbójú sókè. "Ẹ̀ẹ̀mejì, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, sà."

"O sọ fún lánlọ́ọ̀dù?"

"Mo sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Wọ́n ní ṣebí kápẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀."

Obìnrin kan tó ń kọjá lọ pẹ̀lú àpò ọjà dúró, ó wo òkìtì etí títì, ó fi ọwọ́ bo imú, ó ń lọ. Awakọ̀ wọ́ fèrèsé rẹ̀ dé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló wọ́ ọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n gbá mọ́ni lójú kì í dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Kọ́kọ́rọ́ yọ fóònù, ó ya fọ́tò páìpù, ó ya ti òkìtì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ ya ti ilẹ̀. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. "Mi ò ní kọ ọ́ pé ẹ tú u," ló sọ fún Aránṣọ. "Màá kọ ọ́ pé ó rà." Ó ti gun àtẹ̀gùn méjì kó tó yíjú padà, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó dára jù. Tí wọ́n bá rí i pé ilẹ̀ ti dára, wọ́n á ní owó ilé ti gbẹ́sẹ̀ sókè."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Aránṣọ wí.

Wọ́n da omi gbígbóná àti bílíìṣì sílẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó títí èékánná wọn fi funfun. Atúpàtẹ fa igi oníìṣó kúrò ní gbogbo etí ògiri, ó de ìgbọ̀nwọ́ páìpù, ó yí ẹnu rẹ̀ sí kòtò. Awakọ̀ fi okùn sọ fáànù rẹ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó ní òun ò lò ó, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé mọ̀ pé kì í sùn láìsí i. Wọ́n gbé e kọjú sí ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni ebi tó rántí wọn. Wọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn, wọ́n gbé àwo ẹ̀wà kan sáàárín, wọ́n ń fi búrẹ́dì mú un.

"Tó bá ti gbẹ tán," ni Atúpàtẹ wí, "a ó wá tẹ́ tuntun."

Aránṣọ mi orí. "Ilẹ̀ tó ti mu omi tó báyìí ò ní ṣàì tún mu. Ohunkóhun tí a ò bá ti lè gbé síta fún oòrùn, kò tún gbọdọ̀ wọ yàrá yìí mọ́."

Ọkùnrin náà dẹ́kun jíjẹun. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run tó nà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "O ò rí bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta. Bàtà tí wọ́n wọ̀ ń dán, wọn ò tiẹ̀ wolẹ̀. Wọ́n parí, wọ́n ní ká dà á nù. Mo ní, ṣé kí ọmọ tèmi náà má tẹ ohun tó rọ̀ ni?"

Omi ń ro tó, tó láti etí garawa. Aránṣọ gé búrẹ́dì tó kù sí méjì, ó fi èyí tó tóbi síwájú ọkọ rẹ̀.

"Jẹun," ló wí. "Tí o bá jẹ tán, gbé e wá. Wàá bá mi dì í mú."

Ó lọ́ra kó tó yé ọkùnrin náà. Orí àtẹ̀gùn níbẹ̀ ni wọ́n ti wọn kápẹ́ẹ̀tì náà: ẹyọ kan fún ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Jòjòló, ẹyọ kan fún ẹnu ọ̀nà, méjì fún àárín yàrá, kò sí èyí tí ọmọdé ò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Kápẹ́ẹ̀tì àtẹ náà fẹ́lẹ́, kò nípọn bíi ti inú ilé, nítorí náà abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ṣòkòtò jíǹsì lè wọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ méjì ló ṣẹ́. Ẹ̀kẹta gbà. Aránṣọ fi àjákù aṣọ àwọn oníbàárà ṣẹ́tí rẹ̀ yí po, aláwọ̀ pupa lápá kan, onílà lápá kan. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ lódì kejì máṣíìnì, ó ń gba ẹrù wíwúwo náà bó ṣe ń jáde, ó ń gbé e ró kó má baà fa abẹ́rẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà kan, obìnrin náà na ọwọ́ láìwòkè, ó yọ òwú kan kúrò nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni Màmá dé. Ó fi Jòjòló síta lọ́dọ̀ Awakọ̀ tó ti sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan ló wọlé. Ó kọ́kọ́ dúró, ó fa èémí sí imú. Bílíìṣì ló gbọ́. Ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹní kápẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí wọ́n tò sórí ibùsùn nítorí pé wọn ò fẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé kọnkéré. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Ilẹ̀ ṣì tutù," ló wí.

Aránṣọ sún mọ́ ọn. "Màámi, láti àárọ̀ ni a ti —"

"Mo rí i. Mi ò fọ́jú. Mo ní ilẹ̀ ṣì tutù ni."

Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, Jòjòló ti já mọ́ Awakọ̀ lọ́wọ́. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà iléèwé rẹ̀, ó fẹ́ lọ dì mọ́ bàbá rẹ̀, àmọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ yàrá, ó dún kò, kò, kò, ọmọ náà dúró ṣinṣin. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń rìn nínú yàrá yẹn, kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rí.

Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan. Kò.

"Mọ́mì! Ẹsẹ̀ mi ń dún!"

Ó sáré yí ibùsùn po, ó yí máṣíìnì po, ó tún padà yí ibùsùn po, ó ń tẹ ilẹ̀ kìkìkì bí ẹṣin, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ẹsẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló ń tẹ́tí sí, ìró tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, tó máa ń wá láti àyà ọmọ náà bó bá ti sá eré díẹ̀. Jòjòló yípo lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dúró, ó la ẹnu, ó ń mí. Èémí ọmọ tó sáré ni. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Aránṣọ gbójú sókè, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ìyá rẹ̀, ó sì rí i pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń tẹ́tí sí.

"Ẹ bu omi fún un," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó fọwọ́ pa ọ̀kan nínú àwọn ẹní náà, ó tọ ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ yí etí rẹ̀ ká. "Kò ní sùn níbí lónìí. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí fáànù yìí máa yí, ẹ ṣí fèrèsé lójúmọmọ. Sátidé tó ń bọ̀, màá tún gbé ọwọ́ lé e. Tí ọwọ́ mi bá gbẹ, n ó gbé àpò ẹ̀ wá."

Ọ̀sẹ̀ kan. Aránṣọ gbé e mì. Atúpàtẹ ní tirẹ̀ ò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn ń gbà dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ṣé gan-an."

"Dìde, ọkọ mi. Dìde."

Ó dìde. Gbogbo iwájú ẹ̀wù rẹ̀, láti àyà dé ikùn, ti tutù rinrin. Màmá nàka sí i.

"Ṣé mo purọ́?" ló wí.

Jòjòló ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mú ìyá rẹ̀, ó mú bàbá rẹ̀ tó ń fa ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó wá dé ọ̀dọ̀ Màmá, ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, tó wá fi í sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Awakọ̀ fi ké láti ẹnu ọ̀nà pé kí wọ́n sọ ọ́ kí òun náà gbọ́.

Nígbà tí ìyá àgbà àti ọmọ lọ tán, yàrá náà pa lọ́lọ́, fáànù nìkan ló ń yí. Aránṣọ bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ó fún omi inú rẹ̀ dànù, ó sá a sórí ẹ̀yìn àga níwájú fáànù. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ náà lé ilẹ̀. Ó jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.